Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dé Etí Kàfáyá

Ìyá Àbdùl ni gbogbo Yorùbá tó wà ní àdúgbò Talladjé ní Niamey ń pe Àsmá'ù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí Àbdùlkàdír ti kú. Orúkọ ọmọ kì í bá ọmọ lọ. Ara ìyá ní í kù sí. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni orúkọ náà ń bọ́ sí i láyà bí òkúta tó bọ́ sínú kànga.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, aláṣọ ni, Niamey ló sì bí i sí. Ilé ìwé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ni wọ́n fi í sí ní kékeré, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó yí ẹ̀sìn padà, ibẹ̀ ló kàn sún mọ́ ìsọ̀ bàbá rẹ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Faransé tó dán mọ́rán. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá dé láti Mòrókò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, tí wọ́n fẹ́ máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti yẹ àwọn ọmọ kéékèèké wò, tí wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni àwọn àgbààgbà Yorùbá àdúgbò náà fà kalẹ̀ pé kó máa ṣe ògbufọ̀. Àwọn Zarma àti Haúsá ti ní tiwọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nùsáybà ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ùmàr ni ẹnìkejì rẹ̀, òun ló ń gbé àpò, òun ló sì ń pa àwọn ìyá lẹ́rìn-ín. Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pe àwọn méjèèjì. Wọ́n sọ títí pé àwọn ò tíì di dókítà, ó sú wọn, wọ́n fi sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn obìnrin fẹ́ràn Nùsáybà ni pé Lárúbáwá lèdè ìyá rẹ̀. Bó bá ṣe bísímílà kó tó fọwọ́ kan ọmọ, gbogbo yàrá á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá àgbà kan fa Àsmá'ù mọ́ra, ó ní, "Ẹnu tó ti inú oyún ń sọ èdè Kùránì, ìwọ náà rò ó wò. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, àṣẹ ni."

Àsmá'ù mọ iṣẹ́ náà í ṣe. Nílé kan, ojú ọmọ kún fún ipin, eṣinṣin sì bò ó. Nùsáybà ní, "Ẹ sọ fún un pé ọmọ yìí dọ̀tí, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń dùn ún."

Àsmá'ù yíjú sí ìyá ọmọ. "Dókítà ní ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Wọ́n ní eruku Niamey yìí kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Wọ́n ní tí ẹ bá lè máa fi omi tó mọ́ nù ún lójú láàárọ̀ àti lálẹ́, ojú ọ̀hún ló máa fi rí ọmọ ọmọ."

Ìyá náà ní àmín, ó dìde, ó lọ bu omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ùmàr ń wo Àsmá'ù. "Tàǹtí, ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju ṣíbí kan lọ. Ẹ̀yin bù ú ní igbá kan gbáko."

"Ọ̀rọ̀ yín ló ń fẹ́ omi," ni Àsmá'ù dá a lóhùn. "Ó ti gbẹ jù."

Nùsáybà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà rí i pé omi ò pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nílé tí ògbufọ̀ mìíràn bá mú wọn wọ̀, àwọn ìyá á fajú ro, wọn á ní àwọn tí kò tíì bímọ rí ló wá ń kọ́ àwọn ní ìtọ́jú ọmọ. Nílé tí Àsmá'ù bá mú wọn wọ̀, wọn á tẹ́ ẹní, wọn á bu omi tútù fún wọn mu. Ó ń dùn mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Àbdùlkàdír ti kú, kò tíì rí iṣẹ́ tó dà bíi pé ó tún ń gbé ọmọ lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná débi pé àwọn adìyẹ ń yanu lábẹ́ ògiri, wọ́n dé ilé Lùkúmàn tó ń ta pákó ní ọjà Katako. Lùkúmàn ti lọ sọ́jà. Kàfáyá ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú yàrá, ó gbé Kàbír ọmọ wọn lé itan. Ọmọbìnrin tí kò tíì ju ogún ọdún lọ ni Kàfáyá. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gbọ́ Zarma, kò gbọ́ Faransé, Haúsá rẹ̀ kò sì kọjá kó kí ènìyàn. Ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta ni ibi tó jìnnà jù tí òun nìkan ń dá lọ.

"Ìgbẹ́ gbuuru ni, Màmá," ó sọ fún Àsmá'ù. "Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Àárọ̀ òní ló wá dẹ́kun ẹkún. Mo ní bóyá ó ti fẹ́ sàn."

Nùsáybà kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ó mú okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ, ó fi yí apá Kàbír ká. Ibi pupa, ibi ewu, ló bọ́ sí. Ó fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ náà dúró bí aṣọ tí wọ́n ká, kò padà. Ó bu omi díẹ̀ sí i lẹ́nu. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ẹnì kan fún òun lómi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan.

Nùsáybà kò gbé ohùn sókè. Ó ní ní Faransé, "Ẹ sọ fún un pé kó dìde nísinsìnyí, kó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá dúró di ìrọ̀lẹ́, ọmọ yìí á kú. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ ọ́, Tàǹtí."

Àsmá'ù la ẹnu.

Ohun tó rí níwájú rẹ̀ kì í ṣe yàrá Lùkúmàn mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ni, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àbdùlkàdír wà lórí bẹ́ńṣì, ó di ìka rẹ̀ kan mú. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ, ó dúró, ó wo ọmọ, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó máa kú, màdáàmù," ó ní, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kó tó sọ ọ́, ọmọ náà ṣì di ìka yẹn mú. Lẹ́yìn tó sọ ọ́, ó jọ bíi pé ọmọ náà gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tú.

Níbi tí wọ́n ti tọ́ Àsmá'ù, a kì í fi ẹnu mú ikú wá bá ọmọ tó ṣì ń mí. Ì báà jẹ́ èémí ìkẹyìn ni aláìsàn ń mí, "ara á yá" là ń wí. Ẹni tó bá wí òmíràn, òun ló pè é. Ó sì tún ronú kan ẹnu tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ẹnu tí àwọn obìnrin gbà pé àṣẹ ló wà níbẹ̀. Kàfáyá kò tilẹ̀ wo Nùsáybà. Ẹnu Àsmá'ù ló tẹjú mọ́, ó sì ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba àdúà.

"Ìyá Kàbír," ni Àsmá'ù wí, "dókítà ní o kú ìtọ́jú. Wọ́n ní omi ti tán lára ọmọ. Wọ́n ní kí o gbé e lọ sílé ìwòsàn, kó má pẹ́ o. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Á dàgbà, á sìn ọ́."

"Àmín, Màmá." Kàfáyá fi àtẹ́lẹwọ́ náà nu ojú. "Ṣé ó lè dúró de bàbá ẹ̀? Mo pè é, kò gbé e. Ariwo ẹ̀rọ ayùn kì í jẹ́ kó gbọ́ fóònù. Tó bá ti kírun Àlàásárì tán, á ti máa bọ̀ nílé."

Àsmá'ù yí ìbéèrè náà sí Faransé, kò fi nǹkan kan pa mọ́ níbẹ̀.

"Rárá," ni Nùsáybà wí. "Á kú kí bàbá náà tó dé. Ṣé ó yé e?"

"Wọ́n ní bó bá lè tètè lọ, ó dáa jù," ni Àsmá'ù wí fún Kàfáyá. "Ṣùgbọ́n má jáyà. Ọwọ́ Ọlọ́run lẹ̀mí wà."

Kàfáyá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún un mì. Nùsáybà rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kàfáyá náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, Àsmá'ù nìkan ló sì wà láàárín wọn tó mọ̀.

Ó wá sí i lọ́kàn pé kí òun dúró, kí òun bá ọmọbìnrin náà wá takisí. Ùmàr ti ń pè láti ẹnu ọ̀nà pé àwọn ìyá ti pé jọ sí ilé kejì, oòrùn sì ń pa wọ́n. Àsmá'ù wọ bàtà rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá ni ìyá ń jẹ́, Kàfáyá ti gbọ́ pé kó má pẹ́, á lọ.

Ní gbogbo ilé tí wọ́n wọ̀ lọ́sàn-án yẹn, ó ṣe ògbufọ̀ bí ẹni tí ń sùn. Ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní iyọ̀ níbi tí Nùsáybà ti ní ṣúgà, Ùmàr sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé Tàǹtí ti ń gbààwẹ̀ láìsọ fún àwọn. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Mọ̀gàríbì, Hàwáù tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan wọlé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́ kó fọ ẹsẹ̀ tán ná.

"Ìyá Àbdùl, ẹ ò ní gbọ́ búburú," ó ní. "Ilé Lùkúmàn ni. Omi ló dànù, Ọlọ́run má jẹ́ kí agbè fọ́."

Hàwáù ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, pé Lùkúmàn ti ọjà dé bá wọn, ó gbé ọmọ, wọ́n wọ takisí, wọn kò sì tíì dé títì ńlá tí ìyá rẹ̀ fi mọ̀ pé ohun tó wà lórí itan òun ti yàtọ̀. Wọ́n ti sin ín. Àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni. Àsmá'ù jókòó síbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù omi, títí ìrun fi kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nùsáybà nìkan ló wá. Ùmàr wà lọ́dọ̀ àwọn Zarma. Àsmá'ù sọ ikú ọmọ náà fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó gbé e lọ?"

"Bàbá rẹ̀ ló dúró dè."

Nùsáybà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé Lùkúmàn, Àsmá'ù ń tẹ̀ lé e. "Mo sọ fún un," ó ń sọ ọ́ lọ́nà. "Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé á kú. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó jókòó ti ọmọ, ó ń wò ó." Ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó kọjú sí Àsmá'ù. "Irú ìyá wo nìyẹn, Tàǹtí?"

Àsmá'ù wo iyanrìn ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó gbé iná mì, ì bá rọrùn fún un ju kó dáhùn ìbéèrè yìí lọ.

Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé, Lùkúmàn wà láàárín wọn. Nínú yàrá, àwọn obìnrin Zarma méjì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò ló ń bá Kàfáyá jókòó. "Kala suuru," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń tún un wí, pé sùúrù nìkan ló kù. Èyí nìkan ló yé Kàfáyá nínú èdè wọn, nítorí pé sùúrù náà ni wọ́n ń pè é nílé. Ó fara ti ògiri. Wàrà ọmú ti rin ẹ̀wù rẹ̀ níwájú, kò sì bò ó.

Nùsáybà kí wọn ní Lárúbáwá, gbogbo wọn dáhùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, ìbínú ti kúrò lóhùn rẹ̀, àárẹ̀ ló kù.

"Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò lọ. N kò fẹ́ bá a jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀, nítorí àwọn ìyá yòókù."

Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà lẹ́nu Àsmá'ù. Ó dùn, ó tutù, ó ti ṣetán: dókítà ní ẹ kú àmúmọ́ra, dókítà ní Ọlọ́run á fi òmíràn dípò. Bó bá sọ ọ́, Kàfáyá á ní àmín. Òun Àsmá'ù yóò wá yíjú sí Nùsáybà, yóò ní ìyá náà kò rí ẹni bá a lọ. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ọmọbìnrin ará Mòrókò yìí á padà sílé, á máa sọ ìtàn ìyá kan ní Niamey tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ á kú, tí kò sì dìde.

"Ìyá Kàbír," ó ní, "ohun tí dókítà sọ lánàá, n kò sọ ọ́ tán."

Kàfáyá kò gbé ojú sókè.

"Ó ní bí o bá dúró di ìrọ̀lẹ́, ọmọ á kú. Ó ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹnu mi ò gbà á. Àdúà ni mo fi dípò ẹ̀."

Àwọn obìnrin Zarma ń wò wọ́n, wọ́n rò pé ìtùnú ni, wọ́n ń mi orí.

"Nígbà tí mo bi yín bóyá ó lè dúró de bàbá ẹ̀ ńkọ́?" ni Kàfáyá wí.

"Ó ní rárá."

Ewúrẹ́ kan ké níta, ẹnì kan lé e.

"Ẹnu yín ni mò ń wò," ni Kàfáyá wí. "Mo ní tó bá jẹ́ èyí tó burú, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi, nítorí ẹ̀yin náà ti sin ọmọ rí." Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ro nǹkan pọ̀. "Ǹ bá ti dìde. N kò mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ǹ bá ti dìde. Ǹ bá gbé e dání, ǹ bá máa ké lọ lójú títì títí ẹnì kan á fi yà sí mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, nọ́ọ̀sì yẹn, ìka tó tú, gbogbo rẹ̀ wà lọ́fun Àsmá'ù. Ó ti gbé e fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti rò pé ó wúwo tó láti fi gba ara òun sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wò ó báyìí níwájú ẹ̀wù tó tutù yìí, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ tó ṣeé gbé kalẹ̀. Ó gbé e mì.

"Màmá," ni Kàfáyá wí, "ẹ má sọ fún bàbá ẹ̀."

"Ìyá Kàbír."

"Òun ni mo dúró dè. Bó bá gbọ́ pé òun ni mo mú ọmọ dúró dè, kò ní dìde mọ́. Ó ń sọ pé Ọlọ́run ló gbà á. Ẹ jẹ́ kó máa sọ bẹ́ẹ̀." Ó wá fa ìborùn rẹ̀ bo àyà. "Ó ti tó kí àwa mọ̀ ọ́n."

Nùsáybà ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. "Kí ló sọ, Tàǹtí?"

Àsmá'ù sọ ọ́ fún un ní Faransé. Ó sọ èyí tí Kàfáyá sọ àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, lánàá àti lónìí. Kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Nùsáybà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ṣùgbọ́n mo rí i tó mi orí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí."

"Mo rí i. Mo sì ń bínú sí i bọ̀ láti ojú ọ̀nà." Ó na ọwọ́ sí Kàfáyá, ó fi kan orúnkún rẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó tún lè ṣe. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó jáde. Kò wo Àsmá'ù.

Nígbà tí Àsmá'ù jáde tẹ̀ lé e, Lùkúmàn ti dìde lórí ẹní, ó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ibojì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá Àbdùl. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n gbìyànjú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ará ibòmíràn ni wọ́n." Ó fi ọwọ́ nu imú. "Ìyá Kàbír ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, n kò sì fẹ́ dà á láàmú. Ìgbà tí wọ́n yẹ ọmọ wò lánàá, kí ni dókítà wí?"

Àwọn ọkùnrin orí ẹní dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Nùsáybà ti dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Fèrèsé yàrá Kàfáyá wà ní ṣíṣí, kò sì jìnnà.

"Ó ṣe àdúà fún un," ni Àsmá'ù wí.

Lùkúmàn tẹ orí ba. "Àmín," ó ní. Àwọn ọkùnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀, àmín, àmín, ó ń lọ láti ẹnu kan dé èkejì, títí tó fi kan bàbá arúgbó kan tó jókòó sí ìdí igi, tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Òun náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní àmín.